Ìgbèkùn Ọba Èṣùgbàyí

Ní ìlú Èkó láyé àtijọ́, kì í ṣe ohun tuntun kí ọba kúrò lórí ìtẹ́ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Adélé jọba, arákùnrin rẹ̀ Ọ̀sìnlókùn gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di àtìpó ní Àgbádárìgì fún ọdún púpọ̀, ó sì tún padà wá jọba. Akítóyè jọba, Kòsọ́kọ́ tí í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé e kúrò ní 1845. Ní oṣù kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú náà títí Kòsọ́kọ́ fi sá lọ, tí ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, Akítóyè sì tún wọ ààfin. Ọ̀ràn ogun àti ọ̀ràn ìdílé ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹni tí apá rẹ̀ ká ìlú ni ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba kan wà lẹ́yìn wọn tí a mú kúrò ní Èkó láìsí ogun, tí ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́fà ní ìgbèkùn, tí ó sì padà wọ ìlú rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni yin ìbọn. Èṣùgbàyí ni orúkọ rẹ̀. Elékòó ni àwọn Òyìnbó ń kọ mọ́ orúkọ náà nínú ìwé wọn, nítorí pé kò wù wọ́n láti kọ ọ́ ní Ọba.

Ọmọ Dòsùnmú ni Èṣùgbàyí í ṣe. Dòsùnmú ni ó gorí ìtẹ́ nígbà tí Akítóyè bàbá rẹ̀ wàjà ní 1853. Ọdún kẹjọ lẹ́yìn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá bá a pé kí ó fi ilẹ̀ Èkó lé Ọbabìnrin wọn lọ́wọ́. Ọba kọ̀, àwọn ìjòyè kọ̀. Ọkọ̀ ogun tí ń jẹ́ Prometheus wà ní orí ọ̀sà, ẹnu ìbọn rẹ̀ sì kọjú sí ìlú. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ 1861, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé. Ohun tí ìwé náà fi sílẹ̀ fún un kò pọ̀: kí wọ́n máa pè é ní ọba bí àwọn ará ilẹ̀ wa ti ń pe ọba, kí ó máa parí ìjà láàárín àwọn ará ìlú bí àwọn tí ń jà bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ìjọba sì máa fún un ní 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dọọdún. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Èkó ti di ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí olùkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìwé tí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ lẹ́yìn àádọ́rin ọdún.

Dòsùnmú wàjà ní 1885. Oyèékàn ni ó jọba tẹ̀lé e, nígbà tí òun náà sì wàjà, ipò kan Èṣùgbàyí ní 1901.

Ọba wo ni Èṣùgbàyí jẹ́ nígbà náà? Kò ní ọlọ́pàá, kò ní ẹ̀wọ̀n, kò gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó díẹ̀ tí ìjọba ń fún un ni ó ń ná. Síbẹ̀, Ìgá Ìdúngànrán kò dá páropáro. Àwọn olóyè onífìlà funfun ń wá kí i. Ẹni tí aládùúgbò bá jẹ gààba rẹ̀ ń wá ro ẹjọ́. Àwọn ìyálọ́jà ń wá gba ìmọ̀ràn. Àṣẹ ti lọ, ọlá kò lọ. Ìjọba mọ èyí dájú, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fẹ́ kí ó jẹ́ ẹnu wọn sí ìlú. Bí òfin tuntun bá dé tí ó korò létí, kí ọba sọ ọ́ di dídùn: iṣẹ́ tí wọ́n retí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí, òun náà sì ni iṣẹ́ tí kò fẹ́ ṣe.

Omi ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ìjọba fẹ́ fa omi láti odò Ìjù, ní òkè Agége tí kò jìnnà sí Dọ̀pẹ̀mú, wá sí erékùṣù Èkó, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn onílé máa san owó rẹ̀. Láti 1908 ni àwọn ará ìlú ti ń pariwo pé kànga àwọn tó àwọn í mu, àti pé àwọn Òyìnbó ni yóò jẹ èrè omi náà jù. A ṣí ilé omi Ìjù ní 1915. Nígbà tí owó omi sì di dandan, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro. Lóòótọ́, omi náà dára, àrùn inú omi kànga kò sì ṣe é fojú fò. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bi léèrè kí a tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í dúpẹ́. Ìjọba wo Ìgá, wọn kò gbọ́ ohùn tí wọ́n ń retí, wọ́n sì kọ orúkọ Èṣùgbàyí sínú àwọn tí kò fẹ́ ti ìjọba. Ní 1919 ọ̀rọ̀ mìíràn tún dé. Ìyapa ti wà láàárín àwọn Mùsùlùmí Èkó. Èṣùgbàyí fi àwọn kan nínú wọn jẹ oyè, àwọn tí ó fi jẹ oyè kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ìjọba. Ìjọba bínú sí i nítorí oyè náà, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́.

Èyí tí ó le jù lọ ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun. Ìjọba ti gba ilẹ̀ ní Apápá, ilẹ̀ tí í ṣe ti ìdílé Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn olóyè Ìdẹ́jọ. Olóyè náà, Àmọ́dù Tìjání, gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, síwájú ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ tí a ń pè ní Prífì Káńsù, èyí tí í ṣe òpin ẹjọ́ fún gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Herbert Macaulay ni ó bá a lọ. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni Macaulay, ó kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú, gègé rẹ̀ sì mú ju ẹnu lọ. Ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí ni ó mú dání lọ, kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọba ni òun ń jẹ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ náà dára fún Olúwa ní 1921. Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó parí, Macaulay ti sọ̀rọ̀ fún àwọn oníwèé ìròyìn níbẹ̀: ó ní ọba tí mílíọ̀nù 17 ènìyàn ń wò lójú ní Nàìjíríà ni Elékòó, àti pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò mú àdéhùn tí ó bá bàbá rẹ̀ ṣe ṣẹ. Àbùmọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé gbogbo ènìyàn Nàìjíríà ìgbà náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kà fún ọba Èkó. Ta ni yóò gbọ́ ọ ní Sókótó tàbí ní Calabar? Ní Èkó, inú Gómìnà ru.

Ìjọba ránṣẹ́ sí Ìgá pé kí Èṣùgbàyí sọ ní gbangba pé òun kò rán Macaulay ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọba gbà, ó fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ náà kò ti ẹnu òun jáde. Ìwé náà kò tó ìjọba. Wọ́n ní kí ó tún rán akéde pẹ̀lú agogo káàkiri ìlú, kí ó máa ké ọ̀rọ̀ náà ní àdúgbò gbogbo. Níbí yìí ni Èṣùgbàyí dúró sí. Ìwé jẹ́ ohun tí akọ̀wé ń kà ní ọ́fíìsì. Agogo ni ohùn ọba sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Láti fi agogo bàbá ẹni kéde àbùkù ara ẹni láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ìta Fájì kọjá ohun tí ọba lè ṣe kí ó sì tún máa jẹ́ ọba. Ó kọ̀. Ní oṣù kejìlá 1920, ìjọba kéde pé àwọn kò mọ̀ ọ́n ní olórí mọ́, wọ́n sì dá owó rẹ̀ dúró.

Bí ìjọba bá rò pé ìyẹn ni òpin ọ̀rọ̀, wọ́n ṣìnà. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó fún ọba wọn. Nígbà tí òfin tuntun fún àwọn ará Èkó láàyè láti dìbò yan aṣojú mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀ ní 1923, ẹgbẹ́ náà sì gba gbogbo àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀ràn Elékòó ni wọ́n fi ń pe èrò jọ. Ẹni tí kò mọ̀ nípa òfin tàbí nípa ìbò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n fi ìyà jẹ ọba òun.

Ṣùgbọ́n ilé tí a bá ń jà nínú rẹ̀, òde ni ó máa ń gbọ́. Nínú ìdílé Dòsùnmú fúnra rẹ̀ ni àwọn kan ti dìde. Ó ti sú wọn pé ìjọba ń bínú sí ilé wọn, ó sì ṣe é ṣe kí àwọn mìíràn máa wo ìtẹ́ fún ara wọn. Ní 1925 wọ́n péjọ, wọ́n ní àwọn ti yọ Èṣùgbàyí lóyè, wọ́n sì fi Ìbíkúnlé Akítóyè sí ipò rẹ̀. Kíá ni ìjọba gbà á ní olórí. Àwọn tí ó kù nínú ìdílé àti púpọ̀ nínú ìlú sọ pé ìyọlóyè náà kò bá àṣà mu. Báyìí ni Èkó ṣe ní ọba méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà sọ pé ìjòyè lè pé mẹ́fà láàfin, ọba kì í pé méjì.

Òfin kan wà tí ìjọba ṣe ní 1917 nípa àwọn olóyè tí a yọ. Ó ní bí a bá yọ olóyè kan, tí àṣà ilẹ̀ rẹ̀ sì béèrè pé kí ó kúrò ní ìlú, Gómìnà lè pàṣẹ kí ó lọ. Òfin yìí ni wọ́n fà yọ. Ó yani lẹ́nu pé ìjọba tí ó sọ ní 1920 pé Elékòó kì í ṣe olórí mọ́ lójú àwọn, òfin tí a ṣe fún àwọn olóyè ni ó wá mú un dè ní 1925. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, oṣù kan náà tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sẹ́yìn, àṣẹ jáde pé kí Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó. Kò kúrò. Wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, ìrìn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún máìlì, sí ìlú tí Aláàfin Ládìgbòlù ń jọba lé lórí.

Mímú ọba ní ìgbèkùn kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1356 àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú John ọba Faransé lójú ogun ní Poitiers, wọ́n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, mílíọ̀nù mẹ́ta owó wúrà ni wọ́n sì béèrè kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ní 1406 wọ́n mú James, ọmọ ọba Scotland, lórí òkun nígbà tí kò tíì ju ọmọdé lọ. Ọdún méjìdínlógún ni ó lò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọn yóò fi sílẹ̀ ní 1424, wọ́n fún un ní ìyàwó láti inú ẹbí ọba wọn, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ san £40,000, èyí tí wọ́n pè ní owó oúnjẹ àti ìtọ́jú rẹ̀! Ní ilẹ̀ adúláwọ̀ níhìn-ín, wọn kò béèrè owó. Ìgbèkùn sí ọ̀nà jíjìn ni wọ́n máa ń lò. Jájá ọba Òpóbò, tí a fi ẹ̀tàn mú ní 1887, kú lójú ọ̀nà ilé ní 1891. A gbé Bẹ́hánzìn ti Dàhọ̀mì lọ sí Martinique ní 1894. Ilẹ̀ Algeria ni ó kú sí ní 1906. Ovonramwen ọba Bìní kú sí Calabar ní 1914. Prempeh ti Aṣáǹtì padà délé ní 1924 lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, àánú ìjọba ni ó sì gbé e padà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó rí adájọ́ tí yóò bi Gómìnà léèrè pé ta ni ó fún un lágbára.

Ọ̀nà adájọ́ yìí ni àwọn ènìyàn Èṣùgbàyí gbà. Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ìwé kan wà tí ó ti pẹ́ gidigidi, tí ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé lè béèrè lọ́wọ́ adájọ́: ìwé náà yóò pàṣẹ fún ẹni tí ó tì í mọ́lé pé kí ó gbé e wá, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi dè é. Àwọn agbẹjọ́rò béèrè ìwé yìí ní kóòtù Èkó. Adájọ́ kò gbà. Wọ́n tún béèrè. Wọn kò tún gbà. Wọ́n kó ẹjọ́ náà sínú ọkọ̀ òkun, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1928, Prífì Káńsù dáhùn pé ẹni tí a dè lè tọ adájọ́ kan lọ lẹ́yìn èkejì, adájọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì tọ̀ lọ ní láti gbọ́ tirẹ̀. Ẹjọ́ tún padà sí Èkó, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lákòókò yìí, Èṣùgbàyí jókòó ní Ọ̀yọ́, ó ń dàgbà. Ohun púpọ̀ ń yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ìbíkúnlé Akítóyè kú ní 1928, wọ́n sì fi Sànúsí Olúsì jọba. Ní ọdún kan náà, ìwé ìròyìn Macaulay, Lagos Daily News, tẹ ìròyìn kan jáde pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa Elékòó nígbà tí ó bá ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Ìjọba pe Macaulay lẹ́jọ́, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Owó ń lọ, ọdún ń lọ. Àwọn tí ń dáwó fún ẹjọ́ náà kì í ṣe ọlọ́rọ̀ nìkan. Ẹni tí ń ta ẹja àti ẹni tí ń ta aṣọ wà nínú wọn. Ó rọrùn láti dáwó lẹ́ẹ̀kan nígbà tí inú ń bí ni. Láti máa dá a lọ fún ọdún mẹ́fà nítorí arúgbó kan tí a kò fojú rí, ohun mìíràn nìyẹn.

Ní kóòtù, ìjọba fẹ́ kí àṣẹ Gómìnà tó fún gbogbo ènìyàn, kí adájọ́ má ṣe wádìí rẹ̀. Wọ́n tún sọ pé láyé àtijọ́ pípa ni wọ́n ń pa ọba tí a bá yọ, àti pé ìjọba ọ̀làjú ti sọ pípa náà di lílé kúrò ní ìlú. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta 1931, Lord Atkin ka ìdájọ́ Prífì Káńsù. Ó ní agbára tí Gómìnà ní kò ju èyí tí òfin fún un lọ. Ẹni tí í ṣe ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba kò lè fi ọwọ́ kan òmìnira rẹ̀ tàbí ohun ìní rẹ̀ àfi bí ó bá lè fihàn níwájú kóòtù pé òfin gbà á láyè, adájọ́ kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rù láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìjọba ni a pè lẹ́jọ́. Nítorí náà kóòtù Èkó ní láti wádìí ohun mẹ́ta fúnra rẹ̀: ṣé olóyè tí òfin náà ń sọ nípa rẹ̀ ni Èṣùgbàyí, ṣé a yọ ọ́ lóyè lóòótọ́, ṣé àṣà Èkó sì béèrè pé kí ọba tí a yọ kúrò ní ìlú? Ní ti àṣà pípa ọba, Atkin ní kóòtù lè kọ àṣà búburú sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún un ṣe kí ó di èyí tí ó sàn díẹ̀.

Wọn kò dé orí ìwádìí náà. Gómìnà tuntun, Sir Donald Cameron, dé ní àárín ọdún 1931, ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì rí i pé yóò ṣòro fún ìjọba láti borí nípa àṣà. Adélé, Akítóyè, Kòsọ́kọ́: ogun ni ó lé gbogbo wọn, kì í ṣe àṣà. Cameron yàn láti parí ìjà. A fagi lé àṣẹ tí ó dá Èṣùgbàyí dúró sí Ọ̀yọ́. A rọ Sànúsí Olúsì láti fi Ìgá sílẹ̀, ó gbà láìjà, ìjọba sì wá ilé fún un sí Òkè-Àrìn. Ìwà sùúrù Sànúsí yìí kò gbọdọ̀ ṣègbé nínú ìtàn, nítorí pé òun náà ní àwọn ènìyàn lẹ́yìn, bí ó bá sì ti kọ̀, ẹ̀jẹ̀ ì bá ṣàn.

Bí Èṣùgbàyí ti wọ Èkó, ìlú tú jáde. Àwọn ènìyàn kún ojú ọ̀nà, ìlù ń dún, àwọn obìnrin ọjà ń kọrin. Ọkùnrin tí a mú lọ ti darúgbó, àárẹ̀ sì ti mú un. Ó tún wọ Ìgá Ìdúngànrán, ó tún jókòó níbi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ péré ni ó lò níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1932, Èṣùgbàyí wàjà nínú ààfin rẹ̀, Fálolú tí í ṣe ti ìdílé Dòsùnmú sì gorí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.